Ohun Iyebíye Inú Páálí Gbàǹjo

Níbi ìpàtẹ káàdì eléré ìdárayá ní Amẹ́ríkà, ọjà oríṣi méjì ló máa ń wà níwájú oníkáàdì kọ̀ọ̀kan. Èyí tó níye lórí wà nínú àpótí onígíláàsì. Wọ́n lẹ iye rẹ̀ mọ́ ọn lára, ọwọ́ oníbàárà kì í sì í kàn án àfi bí ọlọ́jà bá ṣí i fún un. Èkejì wà nínú àwọn páálí funfun gbọọrọ tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì tàbí sábẹ́ rẹ̀, tí wọ́n kọ ọ́ sí lára gàdàgbà pé dọ́là kan ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, tàbí sẹ́ǹtì 25, tàbí mẹ́fà fún dọ́là 5. Páálí gbàǹjo nìyẹn. Èyí tó wọ́pọ̀ nínú wọn ní ìlà mẹ́rin, ó sì ń gba káàdì bí 3,200. Èyí tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ ń gba 5,000. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò létò rárá: àgbà eléré tó ti kú tipẹ́ ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ ogún ọdún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sí pápá, béésíbọ́ọ̀lù wà láàárín bọ́ọ̀lù àjùsáwọ̀n, họ́kì ti Kánádà sì há sáàárín méjèèjì. Ẹni tó bá fẹ́ rí nǹkan níbẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á máa tú u bí ẹni ń ṣa aṣọ òkìrìkà.

Káàdì náà fúnra rẹ̀ kò ju páálí pélébé lọ. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 2.5, gígùn rẹ̀ jẹ́ 3.5, àwòrán eléré wà lójú rẹ̀, àkọsílẹ̀ ohun tó ti gbé ṣe lórí pápá wà lẹ́yìn. Àwọn ilé iṣẹ́ sìgá ló kọ́kọ́ ń fi irú rẹ̀ sínú páàkì wọn ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún kí páàkì lè dúró gírígírí, kí ọjà sì lè yá. Àwọn oníṣíńgọ́ọ̀mù ló gbà á lọ́wọ́ wọn lẹ́yìn náà. Ọ̀kan nínú àwọn ti sìgá, èyí tí American Tobacco Company tẹ àwòrán Honus Wagner, eléré béésíbọ́ọ̀lù, sí láàárín 1909 sí 1911, pààrọ̀ ọwọ́ ní mílíọ̀nù 7.25 dọ́là lọ́dún 2022. Lóṣù kẹjọ ọdún yẹn kan náà, wọ́n ta káàdì Mickey Mantle, eléré béésíbọ́ọ̀lù mìíràn, tí ilé iṣẹ́ Topps tẹ̀ jáde lọ́dún 1952, ní mílíọ̀nù 12.6 dọ́là. Owó bàǹtàbanta yìí ni àwọn oníròyìn ń gbé kiri, àmọ́ èyí tó yẹ kí olùkójọ rántí ni pé ọjà káàdì 1952 yẹn kùtà nígbà tó ṣì jẹ́ tuntun. Gẹ́gẹ́ bí Sy Berger, òṣìṣẹ́ Topps tó wà nídìí iṣẹ́ náà, ṣe ròyìn rẹ̀, ilé ìkẹ́rù ń fẹ́ àyè, wọ́n sì wá ẹni tó máa gba èyí tó ṣẹ́kù títí, wọn ò rí. Lọ́dún 1960 ó kó gbogbo rẹ̀ sínú ọkọ̀ ojú omi, ó sì dà á sínú òkun Àtìláńtíìkì.

Ìpàtẹ káàdì kì í sábà jẹ́ ohun bàbàrà. Gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì, gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti ilé ìwé ni wọ́n máa ń lò, lópin ọ̀sẹ̀. Oníkáàdì á sanwó tábìlì, àwọn èrò á wọlé lówó kékeré tàbí lọ́fẹ̀ẹ́. Èyí tó tóbi jù, National Sports Collectors Convention, bẹ̀rẹ̀ ní Los Angeles lọ́dún 1980. Ó ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, Rosemont tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Chicago sì jẹ́ ọ̀kan lára ibi tó máa ń padà sí.

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé irú ibẹ̀ á bi ara rẹ̀ léèrè pé, bí nǹkan gidi bá wà nínú páálí dọ́là kan, ṣé oníkáàdì ò lójú ni? Ó lójú. Àkókò ni kò ní. Oníkáàdì kì í ra káàdì lẹ́yọ lẹ́yọ. Bí olùkójọ kan bá kú, tàbí tó bá ń kó lọ sílé tó kéré, àwọn ẹbí á ní kó wá kó gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì lè tó 20,000. Bó bá fi ìṣẹ́jú kan péré wá iye owó ọ̀kọ̀ọ̀kan, wákàtí 333 nìyẹn: ó lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 40 lọ́sẹ̀. Kò sí ọlọ́jà tó máa dán an wò. Ó máa yọ àwọn tí ojú rẹ̀ mọ̀, á tà wọ́n láti fi rí owó tó ná padà, á wá da ìyókù sínú páálí gbàǹjo. Láti ìgbà yẹn lọ, èrè ni gbogbo ohun tó bá ti ibẹ̀ jáde jẹ́ fún un.

Títà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì náà kò gbè é. Ká ní káàdì kan tó dọ́là 3. Oníkáàdì á ya àwòrán rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn, á kọ àlàyé sí i, eBay á gba tiẹ̀, á ra àpò ọ̀rá àti àpòòwé, á lẹ sítáǹpù, á tún rìn lọ sílé ìfìwéránṣẹ́. Ohun tó kù sí i lọ́wọ́ kò tó mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Dọ́là kan lójú ẹsẹ̀ sàn fún un ju dọ́là mẹ́ta tó ń bọ̀ lọ, pàápàá nígbà tó jẹ́ pé páálí tó kún wúwo, ọrùn ẹ̀ náà ló sì máa fi gbé e padà sínú mọ́tò nírọ̀lẹ́.

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀ tó ṣe pàtàkì fún ẹni tó ń wá nǹkan, òun ni pé oníkáàdì kọ̀ọ̀kan ló ní ibi tó mọ̀. Ẹni tó ti ń ta béésíbọ́ọ̀lù bọ̀ láti ogún ọdún mọ béésíbọ́ọ̀lù dé góńgó. Bí káàdì họ́kì, ti bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá tàbí Pokémon bá bá ẹrù wọlé, gbàǹjo ló ń lọ tààrà. Nítorí náà, ọ̀nà tó dára jù kì í ṣe láti máa bá a du ohun tó mọ̀ jù. Àwọn tó gbọ́n nínú ìṣòwò yìí máa ń béèrè ohun tí ọlọ́jà ń tà gan-an, wọ́n á wá lọ tú ohun tí kì í tà.

Páálí gbàǹjo tún máa ń gbàgbé àkókò. Iye tí wọ́n kọ sí i lára lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn ló ṣì wà níbẹ̀, eléré tó wà nínú rẹ̀ sì ti lè di ìlú mọ̀ọ́ká láàárín ìgbà náà. Giannis Antetokounmpo ni àpẹẹrẹ tó sún mọ́ wa jù. Áténì ní ilẹ̀ Gíríìkì ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1994. Yorùbá ni bàbá rẹ̀, Adétòkunbọ̀ sì ni orúkọ ìdílé wọn kí àwọn Gíríìkì tó kọ ọ́ bó ṣe dùn létí wọn. Lọ́dún 2013, ẹni 14 ni àwọn ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù àjùsáwọ̀n NBA ti kọ́kọ́ mú kí Milwaukee Bucks tó mú un. Nígbà yẹn, owó táṣẹ́rẹ́ ni ẹni tó bá fẹ́ fi ń ra èyí tó wọ́pọ̀ nínú káàdì ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀. Ó di eléré tó peregedé jù ní NBA lọ́dún 2019 àti 2020, ó sì gba ife lọ́dún 2021. Lóṣù kẹsàn-án 2020, wọ́n ta ọ̀kan nínú káàdì ọdún àkọ́kọ́ yẹn ní mílíọ̀nù 1.81 dọ́là. Ìyẹn ò dé inú páálí gbàǹjo rí o, nítorí ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n àwọn káàdì rẹ̀ tó kéré sí i náà gbówó lórí tẹ̀ lé e.

Hakeem Ọlájuwọ̀n, ọmọ Èkó tí Houston Rockets mú ṣáájú gbogbo èèyàn lọ́dún 1984, ní ìtàn tiẹ̀ náà. Káàdì 132 ló wà nínú ọ̀wọ́ tí ilé iṣẹ́ Fleer tẹ̀ jáde fún sáà 1986-87. Nọ́ńbà 57 ni Michael Jordan, nọ́ńbà 82 ni Ọlájuwọ̀n. Ọ̀wọ́ náà kò tà dáadáa nígbà tó jáde, àwọn oníṣọ́ọ̀bù sì ń dín owó rẹ̀ kù kó lè lọ. Ní oṣù kìíní 2021, ẹ̀dà Jordan kan tó mọ́ láìlábàwọ́n gba 738,000 dọ́là. Ti Ọlájuwọ̀n kò sún mọ́ ìyẹn rárá, ṣùgbọ́n ó kọjá ohun tí wọ́n ń fi sínú gbàǹjo báyìí, àfi bí ọlọ́jà bá ṣèèṣì. Ẹni tó ń wá káàdì rẹ̀ àtijọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé “Akeem” ni wọ́n kọ sí wọn lára. Ọdún 1991 ló tó sọ pé kí wọ́n máa kọ ọ́ ní Hakeem.

Ìkìlọ̀ kan kò gbọ́dọ̀ pẹ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó wà ní páálí gbàǹjo kò níye lórí, kò sì ní níye lórí láéláé. Láti bí 1987 sí 1993, àwọn ilé iṣẹ́ tẹ káàdì ní àtẹ̀jù, nítorí pé àwọn ará Amẹ́ríkà ti gbà pé owó ilé ẹ̀kọ́ gíga ọmọ wọn ni wọ́n ń kó pamọ́ sínú àjà. Ohun tí gbogbo ilé ní kì í wọ́n. Káàdì ọdún wọ̀nyẹn ṣì kún ìlú bí omi òjò, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ò sì tó sẹ́ǹtì 25 tí wọ́n ń tà á.

Síbẹ̀, àárín pàǹtírí yìí ni àwọn ìyàtọ̀ tó dùn jù lọ wà. Ọ̀wọ́ Hoops ti sáà 1990-91 ní káàdì Mark Jackson, nọ́ńbà 205, nígbà tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún New York Knicks. Fún nǹkan bí ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, kò sẹ́ni tó kà á sí. Sẹ́ǹtì díẹ̀ ni. Lọ́dún 2018, ẹnì kan tẹjú mọ́ èrò ìwòran tó wà lẹ́yìn Jackson, ó sì rí ọ̀dọ́kùnrin méjì tó jókòó sí iwájú gan-an, ní ìjókòó olówó ńlá. Lyle àti Erik Menendez ni, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tó pa bàbá àti ìyá wọn ní Beverly Hills lóṣù kẹjọ 1989, tí wọ́n sì ń ná owó kiri kí ọlọ́pàá tó mú wọn lóṣù kẹta 1990. Láàárín ìgbà yẹn ni ayàwòrán ká wọn mọ́ ibi ìwòran. Bí ìròyìn náà ṣe tàn, gbogbo èèyàn ló sáré lọ tú páálí ilé wọn. eBay tiẹ̀ fìgbà kan ń yọ ọ́ kúrò lórí àtẹ nítorí òfin tó ní lórí títa ohun tó bá jẹ mọ́ apànìyàn. Owó rẹ̀ ò di ti ọba o, àmọ́ ohun tó jẹ́ sẹ́ǹtì lánàá di ọ̀pọ̀ dọ́là, káàdì náà ò sì yí padà rárá.

Àwọn míì wà tó jẹ́ pé àmì kékeré ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Lọ́dún 1991, Topps fi káàdì béésíbọ́ọ̀lù ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó wà ní agbègbè Gọ́ọ̀fù, wọ́n sì tẹ apata aláwọ̀ wúrà kékeré kan sí wọn lójú. Yàtọ̀ sí apata yẹn, kò sí ohun tó yà wọ́n kúrò lára káàdì 1991 tó wà káàkiri. Chipper Jones, nọ́ńbà 333, ni wọ́n ń wá jù nínú wọn. Láti 1984 sí 1991, Topps tún ń ṣe ẹ̀dà kan tí àwọn olùkójọ ń pè ní Tiffany: àwòrán kan náà, ṣùgbọ́n páálí rẹ̀ funfun jù, ojú rẹ̀ sì ń dán. Ẹni tí kò bá gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lè má mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Nínú ọ̀wọ́ Topps ti 1990, ẹ̀dà Frank Thomas díẹ̀ jáde láìsí orúkọ lójú wọn, nítorí àṣìṣe ní ilé ìtẹ̀wé. Nọ́ńbà 414 ni. Kò sẹ́ni tó mọ béésíbọ́ọ̀lù tó máa sọ ọ́ sí gbàǹjo lónìí, àmọ́ ọmọ ìyá olóògbé tí kò mọ nǹkan kan lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Láti 1993 ni dídán ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Ọdún yẹn ni Topps Finest mú ẹ̀dà tí wọ́n ń pè ní Refractor jáde: bí wọ́n bá yí i síbí sọ́hùn-ún lábẹ́ iná, àwọ̀ òṣùmàrè á jáde lójú rẹ̀. Ní béésíbọ́ọ̀lù, 241 péré ni wọ́n sọ pé ó wà fún eléré kọ̀ọ̀kan. Wọn ò kọ ọ́ sẹ́yìn káàdì ọdún yẹn pé Refractor ni, nítorí náà ojú nìkan ló lè mọ̀ ọ́n. Àwọn tó tẹ̀ lé e lẹ́yìn ọdún díẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ní ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn, wínníwínní, lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà. Àwọn ilé iṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ nọ́ńbà sára èyí tó wọ́n. Ẹ̀dà bọ́ọ̀lù àjùsáwọ̀n tí wọ́n ń pè ní Precious Metal Gems, ti sáà 1997-98, jẹ́ 100 péré fún eléré kọ̀ọ̀kan, mẹ́wàá àkọ́kọ́ jẹ́ àwọ̀ ewé, àádọ́rùn-ún tó kù jẹ́ pupa. Nínú àwọn Topps tó dé láìpẹ́ yìí, ó lè jẹ́ àwòrán ni wọ́n pààrọ̀ lórí ẹ̀dà tó ṣọ̀wọ́n. Bí èèyàn bá yí i padà, á rí ìlà nọ́ńbà tíntìntín kan nísàlẹ̀. Nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn ìlà yẹn lórí ẹ̀dà tó ṣọ̀wọ́n yàtọ̀ sí ti káàdì lásán. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà fi máa ń yẹ ẹ̀yìn káàdì wò ju ojú rẹ̀ lọ.

Bí káàdì bá tiẹ̀ jẹ́ ojúlówó, bó ṣe rí lára ló ń pinnu owó rẹ̀. Láti 1991 ni ilé iṣẹ́ PSA ti ń fún káàdì ní máàkì láti 1 sí 10, kí wọ́n tó fi ike dì í pa. Ohun mẹ́rin ni wọ́n ń wò: bóyá àwòrán wà láàárín gbùngbùn, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, etí, àti ojú káàdì. Káàdì Derek Jeter, eléré béésíbọ́ọ̀lù, nínú ọ̀wọ́ SP ti ọdún 1993, fi hàn bí èyí ṣe le tó. Ojú rẹ̀ ń dán, ó sì máa ń ha kíá, débi pé èyí tó gba 10 ṣọ̀wọ́n púpọ̀. Ẹni tó ń tú páálí kò ní ẹ̀rọ kankan níbẹ̀, àmọ́ ó lè gbé káàdì sójú iná kó yí i kí ìhara lè hàn, kó sì wo ààlà funfun ọ̀tún àti òsì bóyá wọ́n dọ́gba. Owó tí wọ́n ń gbà láti fún káàdì kan ní máàkì sábà máa ń ju 20 dọ́là lọ, nítorí náà fífi káàdì tí igun rẹ̀ ti ṣá ránṣẹ́ jẹ́ ìnákúnàá.

Àwọn oníjìbìtì náà ò sùn. Àwọn kan máa ń fi abẹ gé etí káàdì kí igun rẹ̀ lè mú ṣáṣá; bí wọ́n bá gbé e lé káàdì mìíràn láti inú ọ̀wọ́ kan náà, ó máa kéré. Ayédèrú Jordan ti 1986 pọ̀ bí eéṣú, apata wúrà ti 1991 náà ní ayédèrú tirẹ̀. Awò kékeré tó ń mú nǹkan tóbi lè ran èèyàn lọ́wọ́. Ìtẹ̀wé ayé àtijọ́ máa ń fi àmì tótòtó tó to ara wọn létòlétò hàn, ṣùgbọ́n lẹ́tà dúdú á dúdú ṣinṣin. Lára ẹ̀dà tí wọ́n dà kọ, lẹ́tà fúnra rẹ̀ á ti di àmì tótòtó. Bí Jordan 1986 bá yọjú ní páálí dọ́là kan, èyí tó dájú jù ni pé ayédèrú ni.

Nípa ìwà níbi tábìlì, òfin tí kò sí nínú ìwé pọ̀. Kí èèyàn má gbé ohun mímu sítòsí páálí, kó má da káàdì rú bó bá tò, kó má sì nawọ́ kọjá iwájú ẹlòmíràn tó ti ń tú u. Àárọ̀ kùtù ni ọjà ṣì pé, ìrọ̀lẹ́ ni ọlọ́jà máa ń rọ̀. Ọjà ni, ó ṣeé ná: ẹni tó bá kó 60 kalẹ̀ tó ní òun ní dọ́là 40 lè rí i pé wọ́n gbà. Ní ti iye owó, àwọn oníkáàdì àtijọ́ gbẹ́kẹ̀ lé ìwé olóṣooṣù tí James Beckett, olùkọ́ ìmọ̀ ìṣirò, bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1984. Fóònù ti gba iṣẹ́ yẹn. Iye tí wọ́n ti tà á lórí eBay ni kí èèyàn wò, kì í ṣe iye tí ẹnì kan ń béèrè, nítorí ẹnu ò gbàdúrà owó kékeré.

Ìbéèrè kan ṣì wà tó máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀: ṣé ó tọ́ kí èèyàn ra ohun olówó ńlá ní dọ́là kan láìsọ fún ọlọ́jà? Lọ́dún 1990, ọmọ ọdún 12 kan wọ ṣọ́ọ̀bù káàdì ní ìpínlẹ̀ Illinois, ó sì ra káàdì Nolan Ryan, eléré béésíbọ́ọ̀lù, ti ọdún 1968 ní dọ́là 12. 1,200 ni olówó rẹ̀ kọ sí i; òṣìṣẹ́ tí kò mọ̀ nípa káàdì ló kà á sí 12. Oníṣọ́ọ̀bù gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́. Ìgbẹ̀yìn rẹ̀ ni pé àwọn méjèèjì gbà kí wọ́n ta káàdì náà fún ẹni tó bá dá owó tó pọ̀ jù, kí owó rẹ̀ sì lọ fún iṣẹ́ àánú.

Ọ̀rọ̀ páálí gbàǹjo kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, ọlọ́jà ti fi iye sí káàdì, wọ́n ṣì í kà ni. Nínú gbàǹjo, ọlọ́jà fúnra rẹ̀ ló ní dọ́là kan ni gbogbo wọn, ó sì mọ̀ pé òun ò yẹ̀ wọ́n wò tán. Ó ti yàn láti ta àkókò rẹ̀ fún ẹlòmíràn, ẹni tó bá fi wákàtí mẹ́ta bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ sì jẹ́ èrè ojú rẹ̀ láìjẹ̀bi. Àmọ́ ẹni tó bá yọ káàdì láti inú páálí dọ́là 5 tó fi sínú ti dọ́là kan, olè ni.

Yorùbá tó wà ní Houston, Chicago tàbí New York tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kò nílò ju ogún dọ́là, awò kékeré, àpò ọ̀rá díẹ̀ àti fóònù lọ. Kó mú eléré kan ṣoṣo tàbí ọ̀wọ́ kan ṣoṣo, kó kọ́ ọ títí tá á fi mọ̀ ọ́n ju ọlọ́jà lọ, kó tó kúnlẹ̀ ti páálí ẹnikẹ́ni.